Kuta Òkun Ajah: Ohun Tó Bá Ń Dán Ló Ń Bù Jẹ!

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni tó bá mọ Ajah nítorí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ nìkan, kò tíì mọ Ajah o. Ní Sátidé kan báyìí, mo wọ dánfó ní Ọbáléndé, mo jókòó títí ìdí fi ń ta mí kí n tó débẹ̀. Mo wá gba ọ̀nà etí òkun. Ọ̀sà wà lẹ́yìn wa ní àríwá, Àtìláńtíìkì ń bú níwájú.

Bàbá kan àtàwọn ọmọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ọkọ̀ wọn gòkè. Kuta kan wà nínú ẹ̀, gígùn ẹ̀ tó ọmọ ọdún 10 tó nàró. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ yọ síwájú ju ti òkè lọ, eyín ẹnu ẹ̀ sì dà bí ìṣó! Bàbá ní èyí ò tíì tó nǹkan. Lóòótọ́, irú kuta etíkun wa yìí máa ń gùn tó mítà 2.

Wọ́n la inú ẹ̀. Ṣáwá ló kún bẹ́ẹ̀, àwọn kan jẹ́ ààbọ̀.

"Bàbá, ṣé kì í gbé e mì ni?"

"Akọ̀wé, èyí tó bá kéré ló ń gbé mì. Tó bá tóbi, á gé e sí méjì, á wá ṣẹ́rí padà wá ṣa èyí tó já sílẹ̀."

Kuta kì í fi gbogbo ọjọ́ sáré kiri nítorí oúnjẹ. Á dúró sójú kan bí igi tó léfòó, á máa wò. Ojú ló gbẹ́kẹ̀ lé jù. Bí ìpẹ́ ṣáwá tàbí ẹ̀fọ̀lọ̀ bá ti kọ mànà, ó ti dé ibẹ̀ bí ọfà. Àwọn kékeré ń rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́, wọ́n sì ń wọ ẹnu ọ̀sà. Àgbà ń dá rìn. Ìdí nìyẹn tí àwọn apẹja fi ń so irin tó ń dán mọ́ ìwọ̀.

Bàbá na ọwọ́ òsì sí mi. Ìka kan ò sí níbẹ̀! Òrùka fàdákà ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó tọwọ́ bọ omi láti tú àwọ̀n.

"Ṣé èmi ló fẹ́ jẹ ni? Ṣáwá ló rò pé òun rí!"

Ohun tó ń dùn ún jù kì í ṣe ìka o. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wa yanrìn nínú ọ̀sà ló ń bínú sí. Ó ní omi ti dàrú, kuta kékeré tí wọ́n máa ń rí lẹ́bàá Ajah tẹ́lẹ̀ ti di àwátì. Ẹ jẹ́ ká sọ òdodo: ẹja tó ń fi ojú wá oúnjẹ, kí ló fẹ́ rí nínú ẹrẹ̀? Bẹ́ẹ̀, orí irú yanrìn yẹn náà ni ọ̀pọ̀ ilé olówó ní Lẹkki dúró lé.

Mo ra apá ìrù. Kí n tó fọwọ́ létí omi, mo bọ́ aago mi sápò. Ni àwọn ọmọ Bàbá bá bú sẹ́rìn-ín.