Ọjọ́ Mẹ́wàá Nílé Ààbò Ajá

Ìbéèrè kan wà tí mo ti gbọ́ títí tó ti sú mi: "Màmá, èèyàn ò rí jẹ, ẹ̀yin wá ń gbé oúnjẹ lọ fún ajá?" Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ti bi mí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bi mí lórí fóònù láti Ọ̀yọ́. Ọmọkùnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbé mi lọ síbẹ̀ láràárọ̀ Sátidé ń bi mí títí di òní, bẹ́ẹ̀ ó ń gbowó mi.

Mi ò bínú sí wọn. Kubwa ni mò ń gbé, lẹ́bàá Àbújá, mo sì mọ iye tí wọ́n ń ta kóńgò gàrì kan. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ò ju pé ajá ló ń gbé ilé tí mò ń lọ yẹn lóòótọ́, àmọ́ àwa èèyàn gan-an ni ilé náà ń ṣiṣẹ́ fún.

Kì í ṣe ilé ńlá. Dókítà ẹranko kan àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ díẹ̀ ló dá a sílẹ̀, lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ yí ká. Òṣìṣẹ́ méjì ló ń gba owó oṣù níbẹ̀, àwa yòókù kàn yọ̀ǹda ara wa ni. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tí mo sì lọ bá wọn, ìwé àkọsílẹ̀ ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́, torí pé ìkọ̀wé mi ṣeé kà, ti dókítà ò sì ṣeé kà rárá.

Ìwé yẹn ni gbogbo nǹkan ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ajá kan bá dé, yálà ẹnì kan ló fà á wá tàbí òṣìṣẹ́ wa ló lọ mú un, màá kọ ọjọ́ tó dé, àdúgbò tí wọ́n ti rí i, àwọ̀ rẹ̀, bóyá akọ ni tàbí abo, àpá tó wà lára rẹ̀, àti ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀ tó bá wà. A ó ya fọ́tò rẹ̀, a ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo àdúgbò tó yí wa ká lórí WhatsApp. Àwọn àgbà sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èyí tí mo rí ní tèmi ni pé báńgà tí àwọn ọmọ ń yìn nínú oṣù December ló ń lé ọ̀pọ̀ wọn kúrò nílé, olówó wọn sì ń fi omijé wá wọn kiri. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí ẹnikẹ́ni ò yọjú, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í múra láti wá ilé míì fún un.

Síbẹ̀, kò ní tíì wọ àárín àwọn yòókù. Àwọn àgò kan wà lẹ́yìn ilé fún àwọn àjèjì, ibẹ̀ ni wọ́n á wà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àrùn kan tí wọ́n ń pè ní parvo ló fà á. Ó máa ń mú kí ọmọ ajá máa bì, kó sì máa ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Kòkòrò rẹ̀ lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọṣẹ lásán kì í sì í pa á. Jik ni wọ́n ń pò mọ́ omi láti fi fọ ibẹ̀, ẹni tó bá sì fọ ẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ wá síwájú láìpààrọ̀ bàtà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjèèjì yìí, dókítà á fún ajá náà ní oògùn aràn, a ó yọ eégbọn lára rẹ̀, á gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nígbà tí ara rẹ̀ bá le dáadáa, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá tó bá jẹ́ akọ. Tó bá jẹ́ abo, wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ mọ́. Inú máa ń bí àwọn kan sí èyí. Wọ́n ní a ń gba iṣẹ́ Ọlọ́run ṣe. Àmọ́ oyún ajá ò ju nǹkan bí ọjọ́ 63 lọ, ajá sì lè bí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Àwa la máa ń rí àpò tí wọ́n fi kó ọmọ ajá wá jù sẹ́nu géètì wa lóru.

Ọ̀rọ̀ orúkọ wọn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Tanímọ̀la ni bàbá mi ní Ìsẹ́yìn sọ ajá tiẹ̀, kó lè máa pè é kíkankíkan létí aládùúgbò kan tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ayé ọgbọ́n nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá, Bingo mẹ́ta ló wà ní ìlà kan ṣoṣo nílé ààbò wa. Bẹ́ ẹ bá pè é, gbogbo wọn á dìde.

Ta ló ń fi wọ́n sílẹ̀? Ìlú òṣìṣẹ́ ìjọba ni Àbújá. Wọ́n gbé ọkọ lọ sí ìpínlẹ̀ míì, onílé tuntun ní òun ò fẹ́ ajá, wọ́n sì ṣí géètì fún un kó máa lọ. Ajá náà á dúró sẹ́nu géètì yẹn fún ọ̀sẹ̀ kan, kó tó di ajá ìgboro. Bí ajá kan tó ti gba abẹ́rẹ́, tó mọ ọmọ ilé, ṣe ń di ẹni tó ń jẹ láàtàn nìyẹn, tó ń bá àwọn ajá tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí wọ́n ti wá jà, tí wọ́n sì ń bù ú jẹ.

Èyí ló mú mi dé ibi tí mo ń lọ.

Nígbà ẹ̀rùn tó kọjá, ọmọkùnrin ọlọ́dún méje kan nílé tó dojú kọ tiwa sáré jáde lọ ra búrẹ́dì. Ajá kan tí kò ní olówó jáde láti inú ilé tí wọn ò kọ́ parí, ó bù ú jẹ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ orúnkún. Kí ìyá ọmọ náà tó jáde, àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò ti mú igi àti òkúta. Ajá náà sá sábẹ́ ọkọ̀ kan. "Ẹ jẹ́ ká pa á!" ni gbogbo wọn ń sọ, ẹnì kan tiẹ̀ ti ń wí pé ẹran rẹ̀ ò ní ṣòfò.

Mo fa ọmọ náà lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 15 gbáko, bó ti wù kó ké tó. Ìyá àgbà kan ní ká bá òun fa irun ajá náà wá, pé òun á jó o, òun á pò ó mọ́ epo pupa, òun á fi sí ojú ọgbẹ́. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ná." Mò ń fọ̀ ọ́ títí ọkọ̀ tó gbé ọmọ àti ìyá rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn fi dé. Ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́kọ́ dé ò ní abẹ́rẹ́ náà nílẹ̀. Ìkejì ní in, owó rẹ̀ sì wọ́n. Wọ́n gún un lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọ́n sì kọ àwọn ọjọ́ tó máa padà wá gba ìyókù.

Mo ti pe òṣìṣẹ́ wa. Ó dé pẹ̀lú àgò àti ọ̀pá tí wọ́n so okùn mọ́ lórí. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin yẹn ò fẹ́ kó mú ajá náà lọ, wọ́n ní ojú àánú ajá là ń ṣe, a ò ṣàánú ọmọ. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún wọn lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀.

Inú itọ́ ajá ni àrùn dìgbòlugi máa ń wà. Ó ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé, ó sì ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sínú ọpọlọ. Kó tó dé ọpọlọ, abẹ́rẹ́ lè dá a dúró. Tí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára èèyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń yè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ló ń pa lọ́dọọdún, nílẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà ló sì pọ̀ sí jù. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó ń pa, nǹkan bíi mẹ́rin ni ò tíì pé ọmọ ọdún 15. Ajá ló sì ń kó o ran èèyàn, nígbà 99 nínú 100.

Kí wá nìdí tí a ò fi ní pa á? Ajá tí àrùn yìí ti dé inú itọ́ rẹ̀ kì í lo ọjọ́ mẹ́wàá kó tó ṣàìsàn tàbí kó kú. Tẹ́ ẹ bá tì í mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́wàá, tó ṣì ń jẹ, tó ń mu, kò ní in nínú itọ́ lọ́jọ́ tó bu ọmọ jẹ. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi òkúta fọ́ ọ lórí, ẹ ti ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ọpọlọ ni wọ́n fi ń yẹ òkú ajá wò láti mọ̀ bóyá ó ní dìgbòlugi. Ẹni tó bá kun ẹran rẹ̀ sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó àrùn náà. Òṣìṣẹ́ wa ò pariwo. Ó kàn bi wọ́n pé, "Tẹ́ ẹ bá pa á nísinsìnyí, ta ló máa wá sọ fún ìyá ọmọ yìí bóyá kó sùn tàbí kó má sùn?" Wọ́n yà fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣì mí gbọ́. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ máa retí ọjọ́ kẹwàá kẹ́ ẹ tó lọ gba abẹ́rẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ni ọmọ ń gba tiẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá yẹn wà fún kí dókítà lè mọ bó ṣe máa bá ìtọ́jú náà lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, òṣìṣẹ́ wa rí i pé wàrà ń kán ní ọmú ajá náà. Ó bímọ síbì kan! Nílẹ̀ tó mọ́, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó mú òkúta lánàá ló lọ wá inú ilé tí wọn ò kọ́ parí yẹn, wọ́n rí ọmọ ajá márùn-ún lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ọ̀nà ibẹ̀ ni ọmọ wa gbà kọjá. Dókítà ò jẹ́ kí wọ́n kó wọn sọ́dọ̀ ìyá wọn. Ó ní kí àwa tó bá máa fọwọ́ kàn wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, ká máa fi ìgò fún wọn ní wàrà títí ọjọ́ náà á fi pé.

Ìyá ọmọ wa ń wá lójoojúmọ́ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Kì í wọlé. Á dúró sẹ́nu géètì, á béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ṣé ó jẹun lónìí?" A ó ní ó jẹun. Á lọ. Ní ọjọ́ kẹfà, ajá náà kọ oúnjẹ láàárọ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún un, mo sì ń bẹ Ọlọ́run nínú ara mi bí mo ṣe ń wo aago. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ajá náà ti lá abọ́ rẹ̀ mọ́ féfé. Orí ẹja ló kàn fẹ́, kò fẹ́ ìrẹsì.

Lọ́jọ́ kẹwàá, dókítà ẹranko kọ̀wé sí ilé ìwòsàn pé ara ajá náà le koko. Dókítà ilé ìwòsàn ka ìwé náà, ó sì ní kí wọ́n dá abẹ́rẹ́ tó kù dúró. Ìyá ọmọ náà wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì wo ajá náà fún ìgbà pípẹ́. Kò sọ nǹkan kan.

Ìlé fún àwọn ọmọ ajá ò ṣòro rí. Ọmọ ajá kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Àgbà ajá ló máa ń pẹ́, àti ológbò dúdú, tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ mú lọ nítorí ohun tí wọ́n ń rò nípa rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mú ajá, a ó bi í bóyá ilé rẹ̀ ní ògiri, bóyá onílé gbà, àti ẹni tó máa bọ́ ọ tó bá rìnrìn àjò. Ọ̀gbẹ́ni kan fẹ́ ajá kan ṣoṣo tó máa ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án, tó máa ṣọ́ ilé rẹ̀ lálẹ́. Mo rán an létí pé ajá kì í rorò kó ṣọ́ ojúlé méjì. Ẹni tó bá sì ń béèrè èyí tó sanra jù, a ó rọra sìn ín jáde. Mi ò bá ẹni tó ń jẹ ajá jà, wọ́n ń jẹ ẹ́ lóríṣiríṣi ibi lórílẹ̀-èdè yìí, títí kan Oǹdó nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ la ṣe tọ́jú tiwa.

Dókítà máa ń pa ajá nígbà míì, mi ò ní fi pa mọ́. Èyí tí ọkọ̀ fọ́ ní egungun ẹ̀yìn, èyí tí àìsàn rẹ̀ ò ní oògùn. Abẹ́rẹ́ ni, kì í sì í pẹ́. Èmi ni mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé. Mo rò pé ó sàn ju igi àti òkúta lọ.

Ní ti owó, ìgbà Kérésì ni tiwa: àwọn tó ń lọ sílé máa ń fi ajá wọn sọ́dọ̀ wa, wọ́n á san owó ojoojúmọ́. Àwọn tó ń dáná níbi ìnáwó máa ń kó oúnjẹ tó ṣẹ́ kù wá, a sì ń ṣa àlùbọ́sà àti egungun adìyẹ kúrò nínú rẹ̀, torí májèlé ni àlùbọ́sà jẹ́ fún ajá, egungun tó ti jinná sì lè gún un nínú.

28 September ni Àyájọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé, tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 2007. Lọ́sẹ̀ yẹn, a máa ń gún ajá àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́, bí abẹ́rẹ́ bá ṣe pọ̀ tó. Orílẹ̀-èdè wa ń ṣe abẹ́rẹ́ ajá fúnra rẹ̀, nílé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Vom, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1924. Ọmọ ajá tó bá ti pé oṣù mẹ́ta lè gbà á, kó sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Tẹ́ ẹ bá ń mú tiyín bọ̀, kí àgbàlagbà mú un dání, kì í ṣe ọmọdé, kí okùn rẹ̀ sì lágbára, torí àwọn ajá máa ń bára wọn jà lórí ìlà.

Ìyá ọmọ náà ló ń ràn mí lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé báyìí lọ́sẹ̀ abẹ́rẹ́. Kó tó béèrè orúkọ ajá, ó máa ń kọ́kọ́ bi olówó rẹ̀ pé, "Ọmọ mélòó ló wà nílé yín?"