Níbo Ni Omi Náà Ń Lọ?

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kẹ́ẹ̀gì omi lítà márùn-ún kan fi wà nínú búùtù ọkọ̀ bàbá mi. Ẹsẹ̀ ń dun bàbá mi nígbà náà, èmi ni mo ń wa ọkọ̀ náà. Láràárọ̀, màá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, màá bu omi sí rédíétọ̀, màá dé e padà, màá gbé ìyá mi lọ sí ọjà Odò-Ogbè, kí n tó gba ọgbà Yunifásítì lọ fún kíláàsì aago mẹ́jọ. Bó bá di ọ̀sán, màá tún bu omi sí i. Kò jọ mí lójú rárá. Mo tilẹ̀ ń fi yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi pé èmi mọ ìtọ́jú ọkọ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi rò ó wò. Bí ọmọdé kan bá ń mu omi lítà márùn-ún lójúmọ́, tí òùngbẹ ò sì yé gbẹ ẹ́, ṣé omi la ó kàn máa fún un lọ? A ó béèrè pé kí ló ń ṣe é. Àmọ́ nítorí pé irin ni ọkọ̀, mi ò béèrè. Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá náà ò béèrè. Ó wo ẹ́ńjìnì náà fìrí, ó yọ thermostat rẹ̀ dànù, ó ní ìlú wa gbóná, ọkọ̀ ò nílò irú nǹkan bẹ́ẹ̀ níbí, ó ní kí n ṣáà máa bu omi sí i. Mo dúpẹ́, mo sanwó, mo sì wa ọkọ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti ìyá mi gbéra láti Ilé-Ifẹ̀, ó di Ìbàdàn, níbi ìgbéyàwó kan. A kọjá Gbọ̀ngán láìsí wàhálà. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Ìkirè, mo rí i tí abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ìyá mi ń sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí, a sì ti pẹ́. Mi ò fẹ́ dúró. Mo ní lọ́kàn mi pé ká ṣáà dé Ìbàdàn ná. Nígbà tó yá, abẹ́rẹ́ náà wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Inú mi dùn, mo ní Ọlọ́run ti gbọ́. Mi ò mọ̀ pé omi ló tán. Inú omi ni ohun tó ń wọn ìgbóná yẹn ń gbé. Bí omi bá tán ní ibi tó wà, ó lè má rí ohun gidi wọ̀n mọ́, abẹ́rẹ́ á sì wálẹ̀ bí ẹni pé àlàáfíà ti dé.

Bí a ṣe ń wọ Aṣejirè, èéfín bo ojú gíláàsì, ẹ́ńjìnì dún kọ́-kọ́-kọ́, ó sì kú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ibẹ̀, ẹ mọ̀ pé odò Ọ̀ṣun ni wọ́n sé síbẹ̀, omi lọ rẹrẹ. Ẹ̀gbẹ́ omi yẹn gan-an ni òùngbẹ ti pa ọkọ̀ wa.

Nígbà tí a fa ọkọ̀ náà padà sí Ifẹ̀, mẹkáníìkì mìíràn, àgbàlagbà kan, ló bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó kàn bi mí pé, "Akọ̀wé, omi tí o ń bù sí i lójoojúmọ́ yẹn, níbo ló ń lọ?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀. Ó fi rọ́bà tó gbé omi jáde nísàlẹ̀ rédíétọ̀ hàn mí: irin pẹlẹbẹ tó yẹ kó dè é mọ́lẹ̀ ti tú díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró tútù, kò ní í jò. Ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná tí omi ń ti ara rẹ̀ nínú ni yóò máa jò, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà á sì gbẹ ẹ́ kó tó kán sílẹ̀ níbi tí mo máa ti rí i. Owó irin kékeré yẹn ò tó owó abọ́ ìrẹsì kan ní New Buka. Owó tí bàbá mi ti ń tù jọ láti fi kan páànù ilé wa ni a fi ra ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀.

Àwọn àgbà ní àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí, nítorí mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa ló ń wa ọkọ̀ òbí wa, àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti ṣe tán sì ti ń ra tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí omi. Àárọ̀, kí ẹ́ńjìnì tó gbóná, ni kí ẹ máa yẹ omi wò. Bó bá dín lẹ́ẹ̀kan, ẹ bù ú kún. Bó bá tún dín láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ má wulẹ̀ máa bu omi lọ bí èmi. Ẹ wá ibi tó ń gbà lọ. Ọ̀nà mẹ́ta ló sábà máa ń gbà. Ó lè máa jò síta. Ó lè máa wọ ibi tí epo ti ń jó, èéfín funfun á sì máa jáde ní ìdí ọkọ̀ láìdáwọ́ dúró. Ó sì lè máa wọ inú ọ́ìlì. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, bí ẹ bá rí ohun tó jọ tíì onímílíìkì níbẹ̀, ẹ má ṣe sún ọkọ̀ náà mọ́, ó ṣeé ṣe kí top gasket ti jó.

Láti mọ ohun tó ń jò, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ lálẹ́. Bí ẹ bá rí omi tó mọ́ gaara lẹ́yìn tí ẹ lo AC, kò séwu, omi AC ni. Èyí tó láwọ̀ bí ewé tàbí pínǹkì, coolant ni. Èyí tó dúdú tó sì ń yọ̀, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni. Èyí tó pupa tó sì ń yọ̀, ó lè jẹ́ ọ́ìlì gíà tàbí ti síàrìn. Ní ti èéfín, dúdú ń sọ pé epo pọ̀ jù tàbí pé afẹ́fẹ́ ò wọlé tó. Èyí tó fara jọ aró ń sọ pé ọ́ìlì ń jó pẹ̀lú epo.

Bí abẹ́rẹ́ bá gòkè lójú ọ̀nà, ẹ pa AC. Ẹ tan ooru inú ọkọ̀ dé òpin. Yóò gbóná mọ́ yín lára lóòótọ́, àmọ́ ara ẹ́ńjìnì ló ń fa ooru yẹn kúrò. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ẹ sì dúró fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má ṣí rédíétọ̀ gbígbóná láéláé. Omi lásán ń hó ní 100°C, àmọ́ ìdérí rédíétọ̀ há omi náà mọ́ inú débi pé ó lè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ kó má sì hó. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí i lójijì, gbogbo rẹ̀ á ru sí yín lójú. Ẹ má sì da omi tútù sí ẹ́ńjìnì tó gbóná, ó lè sán.

Thermostat tí wọ́n yọ dànù ńkọ́? Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dí ọ̀nà omi títí ẹ́ńjìnì á fi gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, bí 80 sí 95°C, kó tó ṣí ọ̀nà sí rédíétọ̀. Ẹ́ńjìnì tí kò gbóná tó bó ṣe yẹ máa ń mu epo púpọ̀, ó sì ń tètè jẹ. Bí thermostat bá há, ẹ pààrọ̀ rẹ̀; ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ nù.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kan àwa tí a ń kọ́ Yorùbá gan-an. Èdè wa kún fún ọ̀rọ̀ tí ìró wọn ń gbé ìtumọ̀ wọn jáde. Ẹ lò wọ́n níwájú mẹkáníìkì. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣe kí-kí-kí-kí tí ẹ́ńjìnì ò dìde, ẹ kọ́kọ́ yẹ bátìrì àti orí rẹ̀ wò. Bó bá dún kọ́! lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù sì mọ́lẹ̀ rekete, ẹ fura sí kick starter. Bó bá ń ké wíín láàárọ̀, fan belt ni. Bó bá ń ké ṣíín bí ẹ bá tẹ bírékì, brake pad ti fẹ́ẹ́ jẹ tán. Bí ìyẹn bá wá di gìrìrì, irin ti ń ha irin. Bó bá ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ nígbà tí ẹ yí síàrìn dé òpin, orí shaft ni. Bó bá ń dún gbọ̀-gbọ̀ nínú kòtò, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo bush, ball joint àti linkage.

Ẹ má lọ bá mẹkáníìkì pé, "Ọ̀gá, púlọ́ọ̀gì ló bàjẹ́." Bí ẹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, púlọ́ọ̀gì tuntun lẹ máa rà. Ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́, ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀, bóyá ìgbà tó tutù ni tàbí ìgbà tó gbóná. Bó bá ní nǹkan kan gbọ́dọ̀ pààrọ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló fà á tó fi bàjẹ́?" Kí ẹ sì gba èyí àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ scanner náà dára. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n tà ní tuntun ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ihò tí a ń kì í bọ̀, lábẹ́ síàrìn. Àmọ́ ẹ má sọ ọ́ di babaláwo. Bó bá gbé P0301 jáde, ohun tó ń sọ ni pé epo ò jó dáadáa nínú sílíńdà kìíní. Kò sọ bóyá púlọ́ọ̀gì, coil tàbí injector ló fà á. Ọmọ tó ní inú ń run òun kò purọ́, àmọ́ a ṣì gbọ́dọ̀ béèrè ohun tó jẹ.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a fa ọkọ̀ náà délé, bàbá mi ò pariwo. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ṣé o ò rí abẹ́rẹ́ yẹn ni?" Mo ní rárá, mo ní ó jọ pé kò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n ní ó dáa. Títí di òní, wọ́n ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn pé abẹ́rẹ́ tó kú ló ba ẹ́ńjìnì àwọn jẹ́.

Bàbá mi máa ń ka ohun tí mo bá kọ. Ẹ dákun sà, mo rí i. Láti ìtòsí Ìkirè ni mo ti rí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kù, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yín láàárọ̀ ọ̀la kí ẹ́ńjìnì tó gbóná.