Bí Mo Ṣe Kọ́ Ìlù Gígé

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ orin drum and bass kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà fún ìgbà pípẹ́. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí wọn sí, Jàmáíkà ni àwọn òbí wọn ti wá, ìdí sound system, àwọn sípíkà ńlá tí wọ́n fi ń lu orin fún èrò, ni wọ́n sì ti gbọ́n. Ní yàrá kótópó kan ní Hackney, ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ tèmi ni kí n to àwo, kí n nù ún, kí n sì jókòó gbọ́. Eré ni màmá mi rò pé mo ń lọ ṣe níbẹ̀.

Ẹ̀rọ Technics 1200 méjì tí a fi ń lu àwo ló wà lórí tábìlì, mixer tó ń da orin wọn pọ̀ wà láàárín wọn. Lápá ọ̀tún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, bọ́tìnì kan wà tí à ń fà sókè sódò, tó lè mú orin yá tàbí kó fà á falẹ̀ ní ìdá 8 nínú 100. Orin wa máa ń lu tó 174 ní ìṣẹ́jú kan. Bí àwo kan bá fi bíńtín yá ju èkejì, kò ní pẹ́ tí ìlù méjèèjì yóò fi máa dún bí ẹṣin méjì tó ń sáré lórí kọnkéré. Ọ̀gá kì í bú mi. Wọn á gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo, wọn á jáde. Nígbà tó yá, wọ́n fi tépù dúdú bo àwọn nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnì náà, wọ́n ní etí ni kí n fi ṣe é. Lọ́jọ́ tí báàsì àwo kan wọlé wọ́ọ́rọ́ bí ti èkejì ṣe ń jáde, wọ́n ní kí n tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà la kan ìlù gígé. Ìlù tí Gregory Coleman lù nínú “Amen, Brother” ti ẹgbẹ́ The Winstons ní 1969 la fi kọ́ ọ. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá 8, síbẹ̀ orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ orin jungle, tó bí drum and bass, dúró lé. Mo gbé e wọ sampler Akai, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ kí a lè gé e, mo gé e wẹ́wẹ́, kick (ìlù ńlá tí à ń fi ẹsẹ̀ lù) lọ́tọ̀, snare (ìlù kékeré tó ń dún ṣáṣá) lọ́tọ̀, mo sì tò ó padà. Ó tò, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀mí. Ọ̀gá wá ní kí n tẹ́tí sí àwọn snare kéékèèké tí Coleman ń fi ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lù láàárín àwọn ńlá, àti èyí tó mọ̀ọ́mọ̀ fà sẹ́yìn. Àwọn gan-an ló ń mú ìlù rìn. Coleman kú ní 2006 láìrí kọ́bọ̀ gbà lórí ìlù yẹn. Ọ̀gá kì í gé e láìdárúkọ rẹ̀, èmi náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Báàsì ló le jù. Ní nǹkan bíi 50 hertz, àyà ló ń gbọ́ ọ ju etí lọ, sípíkà kékeré kò sì lè gbé e. Kick náà ń wá àyè nítòsí ibẹ̀. Mo kọ́ bí báàsì ṣe ń yẹ̀ fún un, kó wálẹ̀ fún ìgbà bíńtín tí èèyàn ò ní fura, kó tún gòkè.

Nígbà tí orin mi kan wá dára tó, Ọ̀gá sanwó kí wọ́n gé e sórí dubplate, àwo tí abẹ́rẹ́ ń jẹ díẹ̀díẹ̀ nígbàkigbà tí a bá lù ú. Ọ̀gá fúnra wọn ló kọ́kọ́ lù ú ní kilọ́ọ̀bù. Ariwo sọ, wọ́n sì dá àwo padà sí ìbẹ̀rẹ̀, bí àwọn onísound system ṣe máa ń ṣe. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní snare rẹ̀ ṣì ga díẹ̀. Mo lọ mú un wálẹ̀.