Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Pé Orí Ọmọ Ti Wálẹ̀

Ọ̀tọ̀ ni kí ọmọ dorí kodò nínú ikùn, ọ̀tọ̀ ni kí orí rẹ̀ wálẹ̀. Ọmọ lè ti dorí kodò láti oṣù keje, kí orí náà ṣì máa fò lókè eegun ìbàdí. Ìgbà tí ibi tó fẹ̀ jù lára orí bá gba ẹnu eegun ìbàdí kọjá ni agbẹ̀bí tó sọ pé ó ti wálẹ̀.

Aboyún fúnra rẹ̀ a máa fura. Èémí á já gaara, oúnjẹ á ráàyè, ṣùgbọ́n ìtọ̀ á máa gbọ̀n ọ́n lemọ́lemọ́, ìsàlẹ̀ ara á sì wúwo. Ìfura ṣì nìyẹn. Ikùn ẹni tó ti bímọ púpọ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé orí ọmọ kúrò níbi tó wà.

Ọwọ́ agbẹ̀bí ni ẹ̀rí wà. Aboyún á kọ́kọ́ lọ tọ̀, torí àpò ìtọ̀ tó kún lè gbé orí ọmọ sókè. Á fẹ̀yìn lélẹ̀, á ká orúnkún díẹ̀. Agbẹ̀bí á kọjú sí ibi ẹsẹ̀ rẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìsàlẹ̀ ikùn mú lọ́tùn-ún lósì, á sì rọra tẹ ìka lọ sísàlẹ̀. Bí àwọn ìka bá fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé lábẹ́ orí, orí ṣì wà lókè. Bí wọ́n bá ń yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, ó ti wọlé. Èyí ni ìkẹrin nínú ọ̀nà ìyẹ̀kùnwò mẹ́rin tí a fi orúkọ Leopold, dókítà ará Jámánì, pè.

Lẹ́yìn náà ni yóò wọn ìyókù orí tó ṣì wà lókè. A pín orí ọmọ sí ìdá 5, ìdá kan tó ìbú ìka kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣì wà lókè eegun iwájú ìbàdí, 5/5 ni. Bí ó bá ku 2/5 tàbí kó dín, orí ti wálẹ̀. Ọ̀nà ìwọ̀n yìí kò gba iná, kò gba ẹ̀rọ, ìdí nìyí tó fi ṣeyebíye ní ilé ìwòsàn ìgbèríko.

Ní ti àsìkò, ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé ń kọ́ni ni pé orí ọmọ oyún àkọ́kọ́ ń wálẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36 sí 38. Ṣùgbọ́n láàárín àwa adúláwọ̀, ó wọ́pọ̀ kí ó dúró lókè títí ìrọbí yóò fi bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni fún ẹni tó ti bímọ rí. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn nìkan dẹ́rù ba aboyún pé iṣẹ́ abẹ ló kàn. Ohun tó yẹ ni kí dókítà wá ìdí rẹ̀: bóyá oṣù ni a ṣì kà, bóyá ibi ọmọ ló dínà nísàlẹ̀, bóyá ìjù ni, tàbí omi inú pọ̀ jù, tàbí ìbàdí kò gba orí náà.

Èyí tó burú ni kí a máa wọ́ ikùn aboyún kí orí lè sọ̀ kalẹ̀. Bí ibi ọmọ bá wà nísàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè ya. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá sì ń dà lára rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ìka bọ ojú ara rẹ̀ kí a tó fi ẹ̀rọ wo ibi tí ibi ọmọ wà.

Bí omi bá sì dà nígbà tí orí ṣì wà lókè, okùn ìwọ́ lè ṣáájú ọmọ jáde, kí orí sì fún un pa. Ẹ má dúró de ìrọbí; ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé aboyún náà lọ lójú ẹsẹ̀.