Àwòrán tí Màmá Mi Ní Kò Gbọdọ̀ Parí

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni ọ̀rẹ́ mi kan pè mí láti Òṣogbo. A jọ wà ní yunifásítì. Èmi ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, òun ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà. Ó ní òun ti ń ya àwòrán mi láti bí oṣù méjì, pé ẹyinjú nìkan ni ó kù, ṣùgbọ́n òun kò ní gbé e síta fún aráyé wò àfi bí mo bá fọwọ́ sí i. Inú mi dùn. Mo bi í pé irú àwòrán wo ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Sọ́ḿbì ni mo yà ọ́.”

Màmá mi tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbọ́ ọ. “Kí ni wọ́n ń pè ní sọ́ḿbì?” Mo ní òkú tí ó ń rìn ni, irú èyí tí a máa ń rí nínú fíìmù àwọn òyìnbó. Wọ́n gbé àwo ẹ̀wà náà kalẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé màmá mi ti sin ọmọ kan. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jáde láyé, láti ìgbà náà wá ni a kì í ti í fi ọ̀rọ̀ òkú ṣeré ní ilé wa. “Àbẹ̀kẹ́,” ni Màmá wí, “ìwọ fúnra rẹ ni kí o lọ. Kí ó pa á rẹ́ lójú rẹ.” Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi lọ sí Òṣogbo nìyẹn.

Ní Ìwó Road ní Ìbàdàn ni mo ti wọkọ̀. Bí a ti ń kọjá ní Aṣẹ́jirè, mo wo omi ńlá tí wọ́n sé síbẹ̀ fún àwọn ará Ìbàdàn. Odò Ọ̀ṣun ni. Omi tí ó ti ṣàn kọjá Òṣogbo ni ó ń wá sinmi níbẹ̀. Ní Ìkirè, mo ra dòdò Ìkirè, dúdú, pẹ̀lú ata tí ń ta ni lẹ́nu. Ní Gbọ̀ngán, awakọ̀ yà sí apá òsì, a gba Òde-Òmu kọjá lọ sí Ẹdẹ, kò sì pẹ́ tí a fi dé Òṣogbo.

Kì í ṣe ohun ìyanu pé ayàwòrán ń gbé ìlú yìí. Ní ọdún 1962 ni Dúró Ládípọ̀ dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 1964, Georgina Beier kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà ní àwòrán yíyà, èyí sì sọ àwọn tí wọn kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà rí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká: Rufus Ògúndélé, Múráínà Oyèlámì, Jímọ̀ Bùráímọ̀, Twins Seven-Seven. Bùráímọ̀, tí ó ti ń bójú tó iná fún eré orí ìtàgé Ládípọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í to ìlẹ̀kẹ̀ sójú àwòrán, tí ó fi jẹ́ pé ọwọ́ lè fi kàn mọ ohun tí ojú ń wò. Twins Seven-Seven ní tirẹ̀ ya iwin àti ẹbọra. Nítorí náà, àwòrán tí ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka, àti àwòrán ẹ̀dá tí kì í ṣe ará ayé, ó pẹ́ tí méjèèjì ti wà ní Òṣogbo.

Yàrá méjì ni ọ̀rẹ́ mi gbà lẹ́yìn ilé àtijọ́ kan tí kò jìnnà sí òpópónà Ìbòkun. Ó ń sùn nínú ọ̀kan, ó ń ṣiṣẹ́ nínú èkejì. Òórùn ọ̀dà ni ó kọ́kọ́ pàdé mi, lẹ́yìn náà ni ojú àwọn ènìyàn. Àwòrán mẹ́jọ fara ti ògiri, kò sí èyí tí ó parí nínú wọn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀kan ti ya, eyín hàn níbẹ̀. Awọ iwájú orí ẹlòmíràn ń ká bí èèpo igi. Síbẹ̀ mo dá wọn mọ̀, ìyẹn gan-an ni ó sì bà mí lẹ́rù. Mo rí ọ̀rẹ́ wa tí ó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, pẹ̀lú bí ó ṣe máa ń gbé àgbọ̀n sókè. Mo rí ọkùnrin tí ń lẹ táyà ní ìkóríta, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí lójú ọ̀nà. Mo rí ara mi.

Kí n tó sọ ohunkóhun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi, bí oníṣẹ́ ọwọ́ ti máa ń ṣe bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀. Pákó pẹlẹbẹ ni ó ń lò, nítorí aṣọ kò lè gbé ẹrù náà. Yóò kọ́kọ́ ya ojú ẹni náà bí ó ṣe rí gan-an. Yóò gba ìyẹ̀fun pákó lọ́wọ́ káfíńtà àdúgbò, yóò jọ̀ ọ́, yóò pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà fi ń lẹ pákó, yóò sì bu iyanrìn díẹ̀ sí i. Èyí ni ẹran ara. Okùn tí ó tú lára àpò ìdọ̀họ ni iṣan. Bébà ìnujú tí ó rẹ sínú gọ́ọ̀mù ni awọ. Bí ó bá gbẹ dé ìdajì, yóò fi ọ̀bẹ bó o níbi tí ó bá wù ú. Bí ó bá gbẹ tán, yóò máa fi ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e lórí ní ìpele-ìpele: àwọ̀ eérú, àwọ̀ iṣu tí ó ti jẹrà, pupa díẹ̀ lábẹ́ ojú. Ẹyinjú ni ó máa ń ṣe gbẹ̀yìn.

Ìyá onílé wọlé wá kí àlejò. Àwòrán tiwọn náà wà níbẹ̀, ètè kan ti já. Mo rò pé wọn yóò bínú. Wọ́n nawọ́ sí i, wọ́n ní, “Wá wò ó, ọmọ mi. Ọmọkùnrin yìí pa mí tán, kò tilẹ̀ rántí fi ìlẹ̀kẹ̀ sí mi lọ́rùn. Ṣé irú èmi ni yóò kú láìwọ ìlẹ̀kẹ̀?” A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n àwòrán kan wà tí ó kọjú sí ògiri. Ti onígbàjámọ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ rí i, ó bú sẹ́kún, ó ní kí wọ́n jó o níná. Láti ọjọ́ náà ni ó ti wà bẹ́ẹ̀.

Èmi náà jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Mo ní Màmá ní kí ó pa tèmi rẹ́. Mo bi í pé kí ló dé tí ó fi jẹ́ sọ́ḿbì. Yorùbá ní àkúdàáyà tiwọn. Àkúdàáyà ń jẹun, ó ń ṣòwò, ó ń gbéyàwó ní ìlú tí a kò ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n sọ́ḿbì, tí òkìkí rẹ̀ ti Haiti kan káàkiri ayé, kò ní ìfẹ́ inú tirẹ̀; ohun tí a bá pa láṣẹ fún un ni yóò ṣe, gẹ́gẹ́ bí Fela ti fi kọrin bú àwọn sójà.

“Bí mo bá ní kí o wá jókòó kí n yà ọ́,” ni ó dáhùn, “o ó ní ọwọ́ rẹ dí. Bí mo bá ní mo fẹ́ yà ọ́ ní sọ́ḿbì, o ó rẹ́rìn-ín, o ó sì wá. Wákàtí mẹ́ta ni onítáyà fi jókòó síbí. Ẹ̀rín ló gbé e wá. Ìwọ nìkan ni mo fi fọ́tò yà, nítorí o kì í wá. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè ṣe ẹyinjú rẹ.”

N kò rí èsì fọ̀. Ó ṣí aṣọ kúrò lórí àwòrán kan tí ó dá dúró ní kọ̀rọ̀. Kò sí ìyẹ̀fun pákó lára rẹ̀, kò sí iyanrìn. Ó ń dán. Ọ̀gá tí ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ kí ó tó wọ yunifásítì ni. Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, àmọ́ kò ní etí òsì.

“Ó ti kú láti ọdún mẹ́rin,” ni ọ̀rẹ́ mi wí. “Ọdún méjì ni mo fi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, n kò rántí bí etí yẹn ṣe rí. Kò sí fọ́tò tí ó fi í hàn. Ẹni tí ó wà láàyè ni mo lè yà bí òkú. Ẹni tí ó kú lóòótọ́, ọwọ́ mi kọ̀ ọ́.”

Mo gbìyànjú láti rántí etí ẹ̀gbọ́n mi. N kò rántí rẹ̀.

Nígbà náà ni ohun tí mo kọ́ ní kíláàsì sọ sí mi lọ́kàn. Twins Seven-Seven máa ń sọ pé nínú ìbejì méje tí ìyá òun bí léraléra, òun nìkan ni ó dúró. Àwọn ìyá tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí a máa sọ ọmọ ní Àkísàátán, Igbẹ́kọ̀yí, Kòsọ́kọ́, kí ikú lè wo ọmọ náà kí ó sì ṣíwọ́ lára rẹ̀. Ojú tí ó jẹrà tí ọ̀rẹ́ mi ń lẹ̀ mọ́ àwọn tí ó fẹ́ràn, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni mo kà á sí.

Mo fi fídíò pe Màmá, mo kọjú fóònù sí àwòrán náà, mo sì sọ èrò mi fún wọn. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

“Mo mọ Àkísàátán, Àbẹ̀kẹ́. Ìgbà mìíràn wà tí ikú kì í gbọ́ Yorùbá.” Wọ́n tún dákẹ́. “Ó rí àpá abẹ́ àgbọ̀n rẹ. O ṣubú lórí àtẹ̀gùn nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún méje. Mo rò pé èmi nìkan ni mo rántí rẹ̀.”

Èmi alára ti gbàgbé.

“Ṣé kò tíì ṣe ẹyinjú?”

“Kò tíì ṣe é, mà.”

“Kí ó má ṣe é. Kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò bá tíì parí, a kì í sin ín.”

Bí yóò ṣe gbé e síta nìyẹn, láìní ẹyinjú. Mo sọ fún un pé ọwọ́ mi kò dí ní ọjọ́ náà. Mo fa àpótí kan, mo jókòó fún un títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò fọwọ́ kan ibi tí ẹyinjú yẹ kí ó wà. Etí mi ni ó ń tún ṣe, méjèèjì.