Ahéré Kì í Ṣe Ilé

Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ó ti di àṣà ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Yúróòpù kí àwọn tí wọ́n kàwé, tí iṣẹ́ wọn sì ń mówó wọlé, máa kó kúrò nínú ilé ńlá lọ sínú yàrá kan ṣoṣo tí a gbé lé orí táyà, tàbí sínú bọ́ọ̀sì tí a ti tú gbogbo àga inú rẹ̀ kúrò, tàbí sínú ọkọ̀ ojú omi. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ẹrù ayé ti pọ̀ jù lọ́rùn àwọn, àwọn fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tí wọ́n máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí aṣáájú wọn ni Henry David Thoreau, tí ó kọ́ ilé kékeré sínú igbó létí adágún Walden ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní ọdún 1845, tí ó gbé ibẹ̀ fún ọdún méjì ó lé díẹ̀, tí ó sì fi kọ ìwé. Ẹsẹ̀ bàtà 10 ni ìbú ilé náà, 15 ni òró rẹ̀.

N kò ní ìjà pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n èmi tí a bí ní agbègbè Ọ̀wọ̀ kò lè ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n má rẹ́rìn-ín. Ahéré bàbá mi ní ọ̀nà Ifọ̀n kò tó ti Thoreau ní fífẹ̀. Ó lo ju ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ lọ nínú rẹ̀, kò kọ ìwé kankan lé e lórí, kò sì pè é ní ilé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ fi etí sí bí àgbẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá wà ní ìlú, yóò ní, ‘Mò ń lọ sí oko.’ Bí ó bá ti sùn nínú ahéré fún oṣù mẹ́ta, yóò ní, ‘Ó yá, mò ń lọ sí ilé.’ Ibi tí ó ti ń jẹ, tí ó ti ń mu, tí ó ti ń bá aya rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní òru, oko ni ó ń jẹ́. Yàrá kan ní agboolé tí ó lè má dé fún odidi oṣù mẹ́rin, òun ni ilé.

Kí ni ó dé tí wọ́n fi ń sùn ní oko nígbà náà? Kì í ṣe nítorí ìfẹ́ ìdákẹ́jẹ́. Oko jìnnà, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn ín. Ẹni tí yóò kọ ebè ní kùtùkùtù kí oòrùn tó mú kò lè ti Ọ̀wọ̀ rìn dé ibẹ̀ ní àárọ̀. Ọ̀yà kì í jẹ ọ̀sán, òru ni ó ń jáde wá jẹ àgbàdo. Kòkó pàápàá, bí a bá ti pa á tán, tí a kó o jọ sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí ó lè bà dáadáa, ó ń fẹ́ kí ènìyàn wà nítòsí tí yóò máa yí i padà fún bí ọjọ́ mẹ́fà, kí a tó sá a. Iṣẹ́ ni ó kọ́ ahéré.

Kíkọ́ rẹ̀ kò le. A ó gé igi tí orí rẹ̀ yà, a ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ bí òpó, a ó fi igi dábùú wọn lórí, a ó fi okùn igbó dì wọ́n, a ó wá fi ewé gbọ̀dọ̀gì bò ó. Nígbà tí owó kòkó dé, àwọn kan fi páànù rọ́pò ewé, ooru sì lé wọn jáde sábẹ́ igi ní ọ̀sán. Nínú ahéré bàbá mi, ibùsùn alámọ̀ kan wà, ẹní kan wà lórí rẹ̀, ààrò sì wà ní ìsàlẹ̀ àjà. Ibi tí ọgbọ́n wà gan-an nìyẹn. Iná ààrò kì í kú tán. Èéfín rẹ̀ ń lé ẹ̀fọn, ó ń gbẹ ewé òrùlé kí ó má baà tètè jẹrà, ó sì ń bá àgbàdo irúgbìn tí a so rọ̀ sí àjà lókè rẹ̀ lé kòkòrò. Iná kan ṣoṣo ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta, ó tún ń se ọbẹ̀ lé e. Nígbà ìsinmi ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n bá kó wa lọ sí oko, ojú wa a máa ta wá títí omi a fi máa dà lójú wa, bàbá mi a sì ní kí á farabalẹ̀, pé ẹni tí ó bá lé èéfín jáde yóò ra irúgbìn ní ọdún tí ń bọ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ó wà ní ìdà kejì. Ìlú tí àwọn tí ń gbé ahéré wọ̀nyí jẹ́ ọmọ rẹ̀ ni ìlú tí ààfin Ọlọ́wọ̀ wà, ààfin tí a mọ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbàlá rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ugha. Àwọn ènìyàn tí wọ́n mọ bí a ti ń kọ́ irú èyí kò kọ́ ahéré nítorí àìmọ̀. Wọ́n pín ayé wọn sí méjì ni, wọ́n gbé ẹwà fún ilé, wọ́n gbé làálàá fún oko. Ìtàn Ọ̀rọ́nsẹ̀n, olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́njẹ̀n, tí a ń tìtorí rẹ̀ ṣe ọdún Ìgógó, sọ ọ́ fún wa. Èèwọ̀ mẹ́ta ni obìnrin náà ní: a kò gbọdọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá lójú rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti oko dé kò gbọdọ̀ ju ìdì igi rẹ̀ sílẹ̀ gbì lójú rẹ̀. Èmi kò mọ ìtàn mìíràn tí ó fi ààlà sáàárín oko àti ilé báyìí. Nígbà tí wọ́n tàpá sí èèwọ̀ wọ̀nyí, ó bínú lọ. Títí di òní, bí Ìgógó bá dé ní oṣù kẹsàn-án, wọn kì í lu ìlù, agogo ni wọ́n ń lù, Ọlọ́wọ̀ a sì di irun bí obìnrin. Ní ìgbà èwe mi, ahéré a máa dá páropáro ní àsìkò yìí, nítorí pé gbogbo ènìyàn ti wọ ìlú.

Bí àgbàlagbà bá kú sí oko, wọn kì í sin ín síbẹ̀. Wọn a gbé e wá sí ilé, ìbáà ṣe òru. Bí ìjọba bá fẹ́ ka ènìyàn, oko a tú, wọn a wá sí ilé kí wọ́n lè kà wọ́n mọ́ ìlú wọn. Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn yàtọ̀ sí tiwa. Thoreau pàápàá kò jìnnà sí ilé: bí máìlì méjì péré ni ilé ìyá rẹ̀ sí Walden, ó sì máa ń lọ jẹun níbẹ̀ déédéé. Àwọn kan ti fi èyí bú u pé ó ń tan ènìyàn jẹ. Ará Ọ̀wọ̀ kò ní bú u. Yóò ní ọkùnrin náà mọ ìyàtọ̀ oko sí ilé.

Kì í ṣe àgbẹ̀ nìkan ni ó ń gbé irú ayé báyìí. Àwọn awakọ̀ agbégilódò tí ń ru ìtí igi gba ọ̀nà Ifọ̀n kọjá ń sùn sórí àga ọkọ̀ wọn, ọmọ ọkọ̀ sì ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn Ìlàjẹ létí òkun, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó wa kan náà, yàtọ̀ pátápátá: lójú wọn, ilé tí a fi òpó gbé ró lórí omi kì í ṣe ahéré, ilé gan-an ni. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé bí òkun ti ń gbé Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀ dó ní ọdún 1947 mì díẹ̀díẹ̀, kò sí ibi tí à ń pè ní ‘ilé’ tí wọn yóò sá wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni pé ahéré ti ń tú ní ọ̀dọ̀ tiwa náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 2020, àwọn agbébọn yìnbọn pa Olúfọ̀n ti Ifọ̀n, Ọba Israel Adéùsì, lójú ọ̀nà nígbà tí ó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, Gómìnà Rótìmí Akérédolú, tí ó jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀, fún àwọn darandaran ní ọjọ́ méje kí wọ́n kúrò nínú igbó ọba. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n pa àwọn olùjọsìn nínú ìjọ Kátólíìkì St. Francis láàárín ìlú Ọ̀wọ̀. Bí wọ́n bá lè dé inú ṣọ́ọ̀ṣì láàárín ìgboro, ta ni yóò sùn nínú ahéré tí kò ní ju okùn igbó lọ lára ilẹ̀kùn? Àwọn ìbátan mi tí ó ń dáko níhà Ọ̀sẹ̀ ti di ẹni tí ń gun ọ̀kadà lọ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tí wọ́n sì ti ń wo oòrùn ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Ọ̀yà ti mọ̀ pé kò sí ẹnìkan ní òru. Olè pẹ̀lú mọ̀.

Àwọn tí ó ṣì ń sùn ní abà ni àwọn alágbàṣe, Ìgbìrà àti Àgàtú, tí kò ní ilé ní ìlú wa. Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ kékeré kan ní abà kan pé níbo ni ilé wọn. Mo rò pé yóò dárúkọ Òkénè, nítorí ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti wá. Ó na ọwọ́ sí ahéré tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ láti òkè nípa oko àti ilé kò ràn mí lọ́wọ́ lójú ọmọ yìí, nítorí òun kò ní méjì. Bí àwọn agbébọn bá dé, inú igbó ni yóò sá sí, kì í ṣe ilé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ti gbé àgbàdo irúgbìn rẹ̀ wá sí Ọ̀wọ̀ báyìí. Ó so ó rọ̀ sókè nínú ilé ìdáná rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí bàbá wa ti máa ń ṣe. Gáàsì ni ó fi ń dáná. Ní oṣù kejì tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìyẹ̀fun funfun ti ń já bọ́ sórí ìkòkò láti ara àgbàdo náà, kòkòrò ti lu gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n bá òun wá ibi tí òun ti lè máa dá iná igi ní ẹ̀yìnkùlé, láìsí pé àwọn aládùúgbò yóò máa pariwo èéfín.