Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Gbẹ́ Ẹ

Peugeot 504 àti Volkswagen Ìjàpá ló kún títì Ìbàdàn nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ tọ́nà, iṣẹ́ àwa tí à ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin. Láti 1975 ni wọ́n ti ń to 504 ní Kàdúná, tí wọ́n sì ń to Ìjàpá l'Ékòó. Àwọn méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ mú owó ríbóò, ìyẹn gbígbẹ́ inú sílíńdà kó fẹ̀ sí i, wá fún wa. Sílíńdà Ìjàpá dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ, wọn á yọ ọ́, wọn á ra òmíràn. Ti 504, sílíìfù ni, tí omi yí ká nínú búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n ń tà pẹ̀lú písítìn àti ríìngì nínú páálí kan náà.

Ibi ìjókòó sílíìfù yìí ni iṣẹ́ wà. Orí sílíìfù gbọ́dọ̀ yọ bíńtín ju ojú búlọ́ọ̀kù lọ, kí tọ́ọ̀pù sílíńdà lè tẹ gáskẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn dáadáa. Ọ̀gá mi á gbé irin títọ́ dábùú orí rẹ̀, á máa ti géèjì pẹlẹbẹ bọ àárín irin náà àti búlọ́ọ̀kù. Kò ní sọ̀rọ̀ títí yóò fi wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán. Mẹkáníìkì tó bá kàn rọ́ ọ wọlé, kò ní pẹ́ tí gáskẹ́ẹ̀tì á fi jó, á wá ní ayédèrú páálí ni wọ́n tà fún òun.

Datsun àti Toyota ló jẹ́ ká rówó. Búlọ́ọ̀kù wọn gan-an là ń gbẹ́. Mílímítà 0.50 tí a bá fi kún ẹnu sílíńdà là ń pè ní tuwẹ́ntì, 1.00 ni fọ́tì. Oníbàárà á ní, "Ọ̀gá, ẹ kúkú gbé e dé fọ́tì, kó lè lágbára." Agbára wo? Bí ẹnu sílíńdà bá fẹ̀ tó mílímítà 80, nǹkan bí 2.5 nínú 100 péré ni fọ́tì fi kún ààyè rẹ̀, ó sì ti jẹ ríbóò tó kù fún ẹni tí yóò ra mọ́tò náà lọ́la. Bí tuwẹ́ntì bá lè pa ibi tó jẹ rẹ́, n ò ní kọjá tuwẹ́ntì.

Ibi tó jẹ ọ̀hún kì í dọ́gba. Òkè, níbi tí ríìngì àkọ́kọ́ ti ń ṣẹ́rí padà, ló máa ń jẹ jù, pàápàá ní ẹ̀gbẹ́ tí písítìn ń fara tì. Nítorí náà, mo máa ń wọn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, ní ìbú àti ní òró. N kì í sì í gbẹ́ nǹkan kan tí písítìn tuntun ò bá tíì sí lórí tábìlì mi, torí tuwẹ́ntì páálí kan lè má bá ti èkejì dọ́gba.

Kíráǹkì tí à ń lọ̀ tún ní tirẹ̀. Igun tí ojú tí mẹ́tà (bíárìn) ń jókòó lé ti pàdé ògiri rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ roboto. Ẹni tó bá lọ̀ ọ́ títí igun náà fi mú, ibẹ̀ ni yóò ti kán.

Lẹ́yìn tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé ní 1986, tí náírà ń já wálẹ̀, ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ gbòde, ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó kún. Ta ni yóò dúró de ríbóò? Ọ̀pọ̀ nínú wa ta ẹ̀rọ wọn.

Camry tí wọ́n ń pè ní Muscle ló wá ń dé lónìí, ti ẹ́ńjìnnì 2AZ, tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù. Ó ń jẹ ọ́ìlì, ó ń rú èéfín, mẹkáníìkì sì ti pinnu ríbóò kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo bá wọ̀n ọ́n: lọ́pọ̀ ìgbà, sílíńdà ò jẹ rárá. Ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìn, lẹ́yìn ríìngì ọ́ìlì, ló ti dí. Toyota fúnra wọn ti pààrọ̀ písítìn yẹn sí òmíràn. Písítìn yẹn àti tíréèdì bóòtì tọ́ọ̀pù sílíńdà, tó lè fà yọ níhà ẹ̀yìn búlọ́ọ̀kù, ló yẹ ká yẹ̀ wò, kì í ṣe ká máa gbẹ́ ibi tí kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, tọ́nà tó bá dárúkọ owó kó tó mú géèjì, ẹ gbé búlọ́ọ̀kù yín kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.